Kọ́mà àti Ẹ̀mí Ènìyàn: Ìtàn Àmì Kékeré Kan nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Bí a bá dárúkọ ìtàn, ogun, oyè àti ìrìn-àjò ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ sí. Àwọn díẹ̀ ni ó ń rántí pé àwọn nǹkan kéékèèké tí ọmọ ilé-ìwé ń fi lẹ́ẹ̀dì kọ sínú ìwé lójoojúmọ́ náà ní ìtàn tiwọn, àti pé ẹ̀jẹ̀ lè wà nínú ìtàn bẹ́ẹ̀. Àmì tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní kọ́mà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó kéré, ó tẹ̀ díẹ̀, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sì rò pé ibi tí èémí bá ti tán ni a ń fi í sí. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ní ọdún 1916, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, àwọn amòfin àgbà jiyàn gidigidi lórí ibi tí ó yẹ kí a ti dánu dúró nínú gbólóhùn òfin kan tí ó ti pé ọdún 565. Ẹ̀mí ọkùnrin kan ni wọ́n ń jiyàn lé lórí. Kí á tó dé orí ẹjọ́ náà, ó yẹ kí á tọpa ibi tí àmì yìí ti wá, kí á sì mọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe lára ẹ̀yán.

Ibi tí Kọ́mà ti Wá

Àwọn ará Gíríkì àtijọ́ kì í fi àyè sílẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ kan àti èkejì bí wọ́n bá ń kọ̀wé. Lẹ́tà a máa tẹ̀lé lẹ́tà bí ìjàlọ lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kàwé sí etígbọ̀ọ́ àwùjọ ní láti kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, kí ó tó mọ ibi tí yóò ti dánu dúró. Ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Aristophanes, ará Byzantium, ẹni tí ó ṣe olórí ilé-ìkàwé ńlá tí ó wà ní Alexandria ní ilẹ̀ Íjíbítì, ni a gbà pé ó wá nǹkan ṣe sí i ní nǹkan bí igba ọdún kí a tó bí Jésù. Ó ní kí a máa tọ́ nǹkan tóótòòtó sí ara ìwé, èyí tí ó ga, èyí tí ó wà láàárín, àti èyí tí ó wà nísàlẹ̀. Ibi tí tótó kọ̀ọ̀kan bá wà ni yóò fi bí ìpín ọ̀rọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kà tán ti gùn tó hàn. Ìpín tí ó kúrú jù lọ ni wọ́n ń pè ní komma, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe ‘ohun tí a gé kúrò’. Nítorí náà, ẹ̀kún ọ̀rọ̀ ni ó kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ náà. Nígbà tí ó pẹ́ ni orúkọ bọ́ sí ara àmì tí ń fi òpin ẹ̀kún ọ̀rọ̀ hàn.

Ní nǹkan bí ọ̀rúndún keje àti ìkẹjọ, àwọn mọ́ńkì ilẹ̀ Írẹ́lándì bẹ̀rẹ̀ sí fi àyè sáàárín ọ̀rọ̀ nínú ìwé Látìnì. Látìnì kì í ṣe èdè abínibí wọn. Ẹni tí ń kọ́ èdè àjèjì ni ó sábà máa ń nílò àmì jù lọ. Lẹ́yìn èyí, àwọn akọ̀wé ilẹ̀ Yúróòpù a máa fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó dẹ̀gbẹ́ sí ibi tí ó yẹ kí a dánu dúró díẹ̀. Ìlà náà ni William Caxton lò nígbà tí ó gbé iṣẹ́ ìtẹ̀wé wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1476. Ṣùgbọ́n ní ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, atẹ̀wé kan ní ìlú Venice ní Ítálì, tí ń jẹ́ Aldus Manutius, gé ìlà náà kúrú, ó fà á wá sí ìsàlẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Báyìí ni kọ́mà ṣe ní ìrísí tí a mọ̀ ọ́n mọ́ lónìí. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni ó wọ inú ìwé àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì lé ìlà àtijọ́ náà lọ.

Fún ìgbà pípẹ́, nítorí ohùn ni wọ́n ṣe ń lò ó. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn onígírámà bẹ̀rẹ̀ sí wò ó pé kì í ṣe èémí nìkan ni kọ́mà ń ṣọ́. Robert Lowth tẹ ìwé gírámà rẹ̀ jáde ní ọdún 1762. Lindley Murray, ẹni tí a bí ní Amẹ́ríkà ṣùgbọ́n tí ó lọ tẹ̀dó sí ẹ̀bá ìlú York ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ tirẹ̀ jáde ní ọdún 1795 fún ìlò ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan. Ìwé Murray tàn ká ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ju bí òun fúnra rẹ̀ ti rò lọ. Nínú rẹ̀ ni ó ti là á sílẹ̀ pé kọ́mà ni ó sábà yẹ kí ó ṣíwájú awẹ́ gbólóhùn tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “who” tàbí “which”, àfi bí awẹ́ náà bá ń dín ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó ṣíwájú kù sí ohun kan pàtó. Nígbà náà, kí a yọ kọ́mà kúrò. Ní ọdún 1906, Henry Fowler àti àbúrò rẹ̀, Francis, tún ọ̀rọ̀ náà ṣàlàyé nínú ìwé tí wọ́n pè ní The King’s English. Láti ìgbà náà ni ó ti di òfin tí olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì kò lè fojú fò dá.

Ẹ̀yán Aṣàyàn àti Ẹ̀yán Àfikún

Iṣẹ́ ẹ̀yán ni láti sọ̀rọ̀ nípa ọ̀rọ̀-orúkọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni ó ń gbà ṣe é. Àwọn ẹ̀yán kan wà tí wọ́n ń yan ohun kan láàárín irú rẹ̀. Bí a bá yọ wọ́n kúrò, olùgbọ́ kò ní mọ èyí tí à ń wí. A lè pe irú èyí ní ẹ̀yán aṣàyàn. Àwọn mìíràn wà tí ó jẹ́ pé wọ́n kàn ń fi ọ̀rọ̀ kún ohun tí a ti mọ̀ dájú. Bí a bá yọ wọ́n, ohun tí à ń wí kò sọnù. A lè pe wọ́n ní ẹ̀yán àfikún. Òfin èdè Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí a má ṣe fi kọ́mà ya ẹ̀yán aṣàyàn kúrò lára ọ̀rọ̀ tí ó ń yán, ṣùgbọ́n kí a fi kọ́mà sé ẹ̀yán àfikún mọ́ níwájú àti lẹ́yìn, bí ìgbà tí a fi ọgbà yí ilé ká.

Bí olùkọ́ bá kọ ọ́ pé, “The pupils who came late swept the yard,” àwọn ọmọ tí ó pẹ́ nìkan ni ó gbálẹ̀. Àwọn tí ó tètè dé ti jókòó sí kíláàsì wọn. Bí ó bá kọ ọ́ pé, “The pupils, who came late, swept the yard,” gbogbo ọmọ ni ó pẹ́, gbogbo wọn ni ó sì gbálẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú gbólóhùn méjèèjì kò fi ẹyọ kan yàtọ̀ síra. Kọ́mà méjì péré ni ó gbé ìyà ka orí àwọn tí kò ṣẹ̀.

Ibí yìí ni ọmọ Yorùbá ti máa ń kọsẹ̀, ìkọsẹ̀ náà kì í sì í ṣe ti àìmọ̀wé. Bí ẹnìkan bá wí ní Yorùbá pé, ‘bàbá mi tí ó wà ní Òṣogbo’, kò sí ẹni tí yóò rẹ́rìn-ín, nítorí pé àti ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bàbá ẹni, bàbá ni a ń pè wọ́n. Ó yẹ kí olùsọ̀rọ̀ yan èyí tí ó ń wí. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ọ̀rọ̀ náà sínú èdè Gẹ̀ẹ́sì láìsí kọ́mà, tí a ní, “my father who lives at Oshogbo,” Gẹ̀ẹ́sì yóò béèrè pé bàbá mélòó ni ó bí onítọ̀hún. Bàbá kan ṣoṣo ni ó mọ̀ fún ẹnìkan; nítorí náà, Òṣogbo ti di àfikún, kọ́mà sì gbọ́dọ̀ wà níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀. A rí i pé ẹ̀yán kan náà lè jẹ́ aṣàyàn lójú ẹni tí bàbá rẹ̀ pọ̀, kí ó sì jẹ́ àfikún lójú ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Ohun tí ó wà nínú ayé ni ó ń pinnu ibi tí kọ́mà yóò wà, kì í ṣe èémí.

Kì í ṣe awẹ́ gbólóhùn nìkan ni òfin yìí dè. Àpólà ọ̀rọ̀ tí ó ń ṣàlàyé ohun tí ó ṣíwájú rẹ̀ náà lè jẹ́ aṣàyàn tàbí àfikún. Irú àpólà bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹjọ́ Sir Roger Casement.

Ọkùnrin náà àti Ẹ̀sùn tí a Fi Kàn án

A bí Roger Casement ní ẹ̀bá ìlú Dublin ní Írẹ́lándì ní ọdún 1864. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ó ti lo ọ̀pọ̀ ìgbà èwe rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ ní Kóńgò. Láti ọdún 1892 títí di 1895 ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní agbègbè Calabar. Lẹ́yìn náà ni ó di aṣojú ìjọba náà ní ilẹ̀ òkèèrè. Ní ọdún 1904 ni a tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde lórí ìwà ìkà tí àwọn òṣìṣẹ́ Ọba Leopold ti Bẹ́ljíọ̀mù ń hù sí àwọn ará Kóńgò nítorí rọ́bà. Ìròyìn náà mi gbogbo Yúróòpù. Ó tún lọ wádìí irú ìwà bẹ́ẹ̀ ní agbègbè Putumayo ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ọba Gẹ̀ẹ́sì sì fi oyè Sir dá a lọ́lá ní ọdún 1911.

Ṣùgbọ́n ọmọ Írẹ́lándì ni, ó sì fẹ́ kí ilẹ̀ rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ àkóso Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ogun ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1914, ó lọ sí Jámánì láti wá ìrànlọ́wọ́. Ó wọ àgọ́ tí wọ́n kó àwọn ọmọ-ogun Írẹ́lándì tí a mú lẹ́rú sí ní Limburg, ó sì rọ̀ wọ́n kí wọ́n yí padà láti bá Gẹ̀ẹ́sì jà nítorí ilẹ̀ wọn. Àwọn díẹ̀ ni ó dá a lóhùn. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin ọdún 1916, ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ará Jámánì gbé e dé etíkun Banna ní Írẹ́lándì, wọ́n sì mú un ní ọjọ́ náà gan-an. Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn èyí ni ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Dublin. Wọ́n gbé Casement lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti jẹ́jọ́ ìdìtẹ̀ sí Ọba.

Òfin tí wọ́n fi pè é lẹ́jọ́ ni èyí tí Ọba Edward Kẹta ṣe ní ọdún 1351. Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí pé ìdí tí a fi ṣe òfin náà ni láti fi ààlà sí ohun tí a lè pè ní ìdìtẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti ń gbòòrò jù lẹ́nu àwọn adájọ́. Èdè Faransé àwọn Norman, èyí tí wọ́n ń lò ní ààfin àti ní kóòtù nígbà náà, ni a fi kọ ọ́ sára awọ. Kò lè sí kọ́mà bí irú tiwa nínú rẹ̀, nítorí pé ó ku bí ọdún 140 kí Aldus tó gé ìlà kúrú ní Venice. Bí a bá tú apá tí ó kan Casement sí Yorùbá láìfi àmì kankan sí i, ó di pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni ẹni tí ó bá fara mọ́ àwọn ọ̀tá Ọba ní ilẹ̀ ìjọba rẹ̀ tí ó ń fún wọn ní ìrànlọ́wọ́ àti ìtùnú ní ilẹ̀ ìjọba rẹ̀ tàbí níbòmíràn.

Ibo ni ‘tàbí níbòmíràn’ so mọ́? Orí ìbéèrè yìí ni ẹjọ́ náà dúró lé, nítorí pé ilẹ̀ Jámánì ni Casement ti ṣe ohun tí wọ́n kà sí i lọ́rùn.

Kíkà Méjì

Ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 1916 ni ìgbẹ́jọ́ bẹ̀rẹ̀ níwájú Lord Reading, olórí àwọn adájọ́, àti àwọn adájọ́ méjì mìíràn. F. E. Smith, agbẹjọ́rò àgbà fún ìjọba, ni ó rojọ́ fún Ọba. A. M. Sullivan, amòfin láti Írẹ́lándì, ni ó gbèjà Casement.

Sullivan kò jiyàn pé Casement kò lọ sí Limburg. Ohun tí ó wí ni pé òfin náà kò mú un. Ó ní ‘ní ilẹ̀ ìjọba rẹ̀’ tí ó kọ́kọ́ jáde jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ń ṣe àṣàyàn, pé ẹni tí ó bá wà lórí ilẹ̀ Ọba nígbà tí ó fara mọ́ ọ̀tá nìkan ni òfin ń wí. Ní ti ‘tàbí níbòmíràn’, ara ‘ìrànlọ́wọ́ àti ìtùnú’ tí ó wà nítòsí rẹ̀ ni ó so mọ́, nítorí pé ẹni tí ó jókòó sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè fi nǹkan ránṣẹ́ sí ọ̀tá ní òkèèrè. Ó tún rán ilé-ẹjọ́ létí pé òfin tí ń pa ènìyàn, bí ìtumọ̀ rẹ̀ bá ya ọ̀nà méjì, ọ̀nà tí ó ṣàánú ẹlẹ́jọ́ ni ó yẹ kí a tọ̀.

Kíkà tí ìjọba kà á yàtọ̀. Lójú tiwọn, ‘tí ó ń fún wọn ní ìrànlọ́wọ́ àti ìtùnú ní ilẹ̀ ìjọba rẹ̀’ jẹ́ àfikún tí ń ṣàlàyé ohun tí fífara mọ́ ọ̀tá jẹ́. Bí a bá fi kọ́mà sé e mọ́ níwájú àti lẹ́yìn, bí a ti ń ṣe fún ẹ̀yán àfikún, ‘tàbí níbòmíràn’ yóò fò ó kọjá, yóò sì lọ bá ‘ẹni tí ó bá fara mọ́ àwọn ọ̀tá Ọba ní ilẹ̀ ìjọba rẹ̀’. Nígbà náà, ẹni tí ó fara mọ́ ọ̀tá ní Jámánì jẹ̀bi gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó fara mọ́ ọn ní Lọ́ńdọ̀nù.

Àwọn adájọ́ mẹ́ta náà gba kíkà ti ìjọba. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà, ìgbìmọ̀ jùrì dá Casement lẹ́bi, a sì dájọ́ ikú fún un. Ó pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ní oṣù keje, adájọ́ márùn-ún ni ó tún ọ̀rọ̀ náà gbọ́, Darling sì ni olórí wọn. Kí wọ́n tó dájọ́, Darling àti Atkin lọ sí ilé tí a ń kó àwọn ìwé àtijọ́ ìjọba pamọ́ sí, wọ́n sì fi ojú ara wọn wo awọ tí a kọ òfin náà sí. Wọ́n rí àmì ìdánudúró lára rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ nínú ìdájọ́ wọn. Ìdájọ́ náà kò yí padà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìrànlọ́wọ́ àti ìtùnú jẹ́ àlàyé lórí ohun tí fífara mọ́ ọ̀tá jẹ́, pé ‘tàbí níbòmíràn’ sì bo apá méjèèjì. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ ọdún 1916, wọ́n yẹgi fún Casement ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Pentonville, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ènìyàn jàǹkànjàǹkàn, bí Arthur Conan Doyle tí í ṣe òǹkọ̀wé, ti kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ nítorí rẹ̀.

Ǹjẹ́ Kọ́mà ni ó Pa á?

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn pé kọ́mà ni ó so Casement kọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún sọ, ṣùgbọ́n kò kún tó. Àwọn adájọ́ náà gbára lé àwọn amòfin àtijọ́, bí Coke àti Hale, tí wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún pé ẹni tí ó bá fara mọ́ ọ̀tá Ọba lẹ́yìn odi náà jẹ̀bi. Ní ọdún 1903 pẹ̀lú, ilé-ẹjọ́ ti lo òfin kan náà fún Arthur Lynch, ẹni tí ó bá àwọn Boer jà ní Gúúsù Áfíríkà. Wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún un, ṣùgbọ́n wọ́n yí i sí ẹ̀wọ̀n, wọ́n sì dárí jì í níkẹyìn. Bí òfin bá jẹ́ ọ̀kan tí òpin ẹni méjèèjì sì yàtọ̀, ó hàn pé àkókò ogun àti ìbínú ìlú ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà ju gírámà lọ.

Síbẹ̀, a kò lè wí pé gírámà kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀ rárá. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé akọ̀wé ọdún 1351 fi gbólóhùn kan sílẹ̀ tí kò sọ èyí tí í ṣe aṣàyàn àti èyí tí í ṣe àfikún. Ó mọ ohun tí ó ní lọ́kàn, ó sì rò pé gbogbo ayé ni yóò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ó ti kú tán ni àwọn tí ó wà láàyè wá ń fi kọ́mà tiwọn sí ọ̀rọ̀ rẹ̀, olúkúlùkù sí ibi tí yóò ṣe é ní àǹfààní. Ní ọdún 1965 ni wọ́n gbé egungun Casement padà sí Írẹ́lándì, tí ìjọba ibẹ̀ sì sin ín pẹ̀lú ọlá.

Irú ìjà bẹ́ẹ̀ kò tíì tán láyé. Ní Kánádà, ilé-iṣẹ́ méjì, Rogers àti Aliant, ṣe àdéhùn ní ọdún 2002 lórí òpó tí a ń so wáyà mọ́. Àdéhùn náà yóò wà fún ọdún márùn-ún, a ó sì máa tún un ṣe ní ọdún márùn-ún márùn-ún, àfi bí ẹnìkan bá fi ọdún kan ṣe ìkìlọ̀ pé òun fẹ́ fòpin sí i. Kọ́mà wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ nípa títún àdéhùn ṣe. Ní ọdún 2006, ìgbìmọ̀ ìjọba tí ó ń bójú tó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dájọ́ pé kọ́mà náà ti sọ ọ̀rọ̀ àárín di àfikún, nítorí náà ìkìlọ̀ lè bá ọdún márùn-ún àkọ́kọ́ pàápàá. Owó ńlá ni ìdájọ́ náà fẹ́ gbà lọ́wọ́ Rogers. Ní ọdún 2007, ìgbìmọ̀ náà yí ìdájọ́ padà lẹ́yìn tí wọ́n wo àdéhùn náà ní èdè Faransé, níbi tí ọ̀rọ̀ kò ti ya ọ̀nà méjì. Rogers rí ìwé kejì tọ́ka sí. Casement kò rí.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìtàn yìí kan olùkọ́ gidigidi. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni kọ́mà bá álífábẹ́ẹ̀tì wọ ilẹ̀ Yorùbá, nínú ìwé Àjàyí Crowther àti nínú Ìwé Ìròhìn tí a bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859. Àwa náà ń lò ó nínú èdè wa, a sì ń fi í kọ ìwé ìpín ogún, àdéhùn ilẹ̀ àti òfin ẹgbẹ́. Olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ ọmọ pé ibi tí èémí bá tán ni kí ó fi kọ́mà sí, kò tíì kọ́ ọ ní nǹkan. Ohun tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bi í ni pé, ‘Èwo ni ò ń wí?’ Bí ọmọ bá ń yan ọ̀kan nínú púpọ̀, kí ó pa kọ́mà tì. Bí ó bá jẹ́ pé ó kàn ń fi ọ̀rọ̀ kún ohun tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀, kí ó ṣí ọgbà níwájú, kí ó sì rántí tì í lẹ́yìn. Ẹni tí ó bá kọ̀wé tí kò ṣe ìyàtọ̀ yìí fúnra rẹ̀ ti fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti ṣe é, kò sì mọ ẹni tí onítọ̀hún yóò jẹ́.